Ẹ má bẹ̀rù àtigé e: bí mo ṣe ń tọ́jú ọgbà hibiscus mi ní Àjàṣẹ́

Ní ọdún kẹta tí mo gbin hibiscus, igi òdòdó kan, yí iwájú ilé wa ká, nítòsí ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ewúrẹ́ aládùúgbò kan já okùn, ó wọlé. Kí n tó ti ìdí àkàrà tí mò ń dín dé, ó ti jẹ gbogbo ewé tán, ó ti ṣẹ́ ẹ̀ka wálẹ̀ títí ó fi ku kùkùté. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Kétu, wà lọ́dọ̀ wa lásìkò yẹn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé o ò tíì rí ilá tí ẹran jẹ rí ni? Fi í sílẹ̀." Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi tù mí nínú ni.

Ìparí ọyẹ́ la wà nígbà náà. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, gbogbo kùkùté yẹn sì rúwé. Ibi tí ẹ̀ka kan ti ṣẹ́, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló yọ. Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́ta, òdòdó tó wà lára ọgbà yẹn ju gbogbo èyí tí mo ti rí láti ọdún tí mo ti gbìn ín lọ. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé èmi gan-an ni mo ń dí igi yìí lọ́wọ́. Mò ń bu omi fún un, mò ń wò ó, mò ń kẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ fi ọ̀bẹ kàn án.

Òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ ilá tí ìyá ọkọ mi sọ. Ìdílé kan náà ni hibiscus, ilá, ìṣápá àti òwú. Ẹ já òdòdó ilá kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti hibiscus, ẹ ó rí i fúnra yín: ewé òdòdó márùn-ún níbí, márùn-ún lọ́hùn-ún, ọ̀pá kan sì dúró láàárín, tí ìyẹ̀fun òdòdó lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọ̀ ti ilá dà bíi pupa inú ẹyin adìẹ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lọ́hùn-ún dúdú. Ti hibiscus tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa pupa fòò, ọ̀pá tirẹ̀ sì yọ síta gbọọrọ bí ahọ́n. Ẹni tó bá ti mọ ilá gbìn ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. (Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èyí ni wọ́n ń rẹ fún bisápù, ohun mímu pupa nì, o. Ìṣápá ni ti bisápù. Ti inú ọgbà yìí, ojú la gbìn ín fún.)

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó kó ọkọ́. Òdòdó hibiscus kì í sábà lò ju ọjọ́ kan lọ. Á là láàárọ̀, tó bá di alẹ́ á ká ara rẹ̀ jọ, lọ́jọ́ kejì ẹ ó bá a nílẹ̀. Nítorí náà, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣọ́ òdòdó tó wà lórí igi kó má lọ. Èyí tó ń bọ̀ ni kí ẹ máa wá. Orí ẹ̀ka tuntun ni ìrúdí sì ti ń yọ. Igi tí ẹ kò bá gé á máa ga, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á pá, òdòdó mẹ́ta-mẹ́rin á sì wà lókè fíofío níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wọn.

Ẹ má lọ ra igi. Ẹ lọ tọrọ ẹ̀ka. Obìnrin aránṣọ kan ládùúgbò wa ló fún mi ní ẹ̀ka mẹ́wàá àkọ́kọ́, méje ló yè. Oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún dára jù, nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Ẹ wá ẹ̀ka tó nípọn bíi pẹ́ńsùlù ìkọ̀wé, tí kò rọ̀ bí ọ̀mùnú, tí kò sì tíì gbó di igi ìdáná. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ojú ibi tí ẹ gé wà lábẹ́ oríkèé gẹ́lẹ́, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti máa ń yọ. Ẹ já gbogbo ewé ìsàlẹ̀ dànù, kó ku méjì lókè. Bí àwọn méjèèjì bá tóbi, ẹ gé wọn sí ìdajì kí wọ́n má baà fa omi inú ẹ̀ka gbẹ. Mo máa ń po yanrìn àti iyẹ̀pẹ̀ mọ́ra, ọgbọọgba, sínú agolo tí mo ti lu nídìí, màá ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́ dé ìdajì, màá gbé e sábẹ́ igi máńgòrò wa. Kí ilẹ̀ rẹ̀ máa tutù, kó má ṣe rẹ gbingbin. Ẹ má fà á wò o! Ọ̀pọ̀ gbòǹgbò ni mo ti fà já nítorí ìwàǹwára. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, ewé tuntun á sọ fún yín.

Oòrùn ló fẹ́, ó kéré tán wákàtí 6 lójúmọ́. Lábẹ́ ibòji, ewé lásán ni ẹ ó máa rí. Ilẹ̀ pupa tí a ní ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín bá a lára mu bí ẹ bá ti po ajílẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó wà ní apá ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà ló máa ń ní wàhálà, nítorí omi máa ń dúró sílẹ̀ níbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ a sì jẹrà. Ẹ kọ ebè fún un bí ẹni fẹ́ gbin iṣu, kí ẹ gbìn ín sórí ebè. Fún ọgbà, mo fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80 sáàárín igi kan sí èkejì. Ọdún àkọ́kọ́ á dà bíi pé ó jìnnà síra jù. Ẹ ní sùúrù.

Lórí oúnjẹ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe mi. Igi ni mo fi ń dáná àkàrà, eérú kì í wọ́n mi. Àwọn àgbà máa ń da eérú sídìí ẹ̀fọ́, èmi náà bá ń da tèmi sídìí hibiscus ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Kò pẹ́ tí ewé tuntun fi ń yọ ní pupa rúsúrúsú, tó jẹ́ pé iṣan ewé nìkan ló kù tó ní àwọ̀ ewé. Mo rò pé ebi ló ń pa á, mo tún fi eérú kún un. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ni hibiscus fẹ́. Eérú a máa pa kíkan ilẹ̀, bí ilẹ̀ kò bá sì kan mọ́, gbòǹgbò kò ní lè fa irin inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ láìsí irin, ewé kò lè dúdú. Mo fi ọkọ́ họ eérú òkè kúrò, mo kó ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa sí i, ewé tó yọ lẹ́yìn ìyẹn sì dára. Ẹ̀kúnwọ́ eérú kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò burú, àmọ́ ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀.

Ajílẹ̀ tí mò ń sọ yìí, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé máńgòrò àti imí adìẹ ni mo fi ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí imí adìẹ jẹrà o, tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò. Ẹ tún lè lọ wo bí wọ́n ṣe ń sọ pàǹtí di oúnjẹ ilẹ̀ ní Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nílùú wa níhìn-ín láti 1985 tí Godfrey Nzamujo, àlùfáà ìjọ Àgùdà, ti dá a sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá fojú rí níbẹ̀ á yé yín ju àlàyé mi lọ.

Nígbà òjò, Ọlọ́run ló ń bomi rin ín. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń bu korobá kan fún igi méjì láàárọ̀, lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, màá sì kó ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Bí ìrúdí bá ń já bọ́ láìtíì là, òùngbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Gígé wá kù. Ìparí oṣù kejì sí oṣù kẹta, nígbà tí ọyẹ́ ti ń lọ tí òjò kò tíì dé, ìgbà yẹn ni. Àlùmọ́gàjí tó mú, tí ẹ ti fọ̀. Ẹ wo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn rẹ̀ kúrò, díẹ̀ sókè oríkèé tó kọjú síta, kí ẹ̀ka tuntun lè ya síta, kí inú igi lè gba afẹ́fẹ́. Bí igi bá ti gbó, tó ti di igbó, ẹ má gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ẹ̀ka rẹ̀ wálẹ̀ lọ́dún yìí, kí ìyókù dúró di ọdún tó ń bọ̀. Igi tèmi yè é lọ́wọ́ ewúrẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Ẹ má sì gé e nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: ọ̀mùnú tó bá yọ, atẹ́gùn gbígbẹ á pa á. Lẹ́yìn ìgbà náà, mo kàn máa ń já ẹnu àwọn ẹ̀ka tó bá ń sáré ju ẹgbẹ́ wọn lọ.

Tí ẹ bá rí nǹkan funfun bí òwú lábẹ́ ewé, tí èèrà ń gòkè sọ̀kalẹ̀, kòkòrò ni. Èèrà ń lá oyin tí kòkòrò náà ń sun ni, ó sì ń dáàbò bò ó. Ẹ gé ẹ̀ka tó bá ti bàjẹ́ jù, ẹ fi omi fọ ìyókù, ẹ po ṣíbí kékeré ọṣẹ olómi kan mọ́ omi lítà 1, kí ẹ fi wọ́n abẹ́ ewé nírọ̀lẹ́. Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ kejì. Kòkòrò pupa tó máa ń jẹ òwú àti ilá máa ń wá bá a pẹ̀lú. Ìyẹn, ọwọ́ ni mo fi ń ṣà á sínú omi ọṣẹ.

Ẹ̀ka tí mo bá gé, n kì í dà á nù. Ìyá ọkọ mi gbé 12 lọ sí Kétu lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi aṣọ tútù wé e sínú agbọ̀n, wọ́n sì gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilá wọn. Mẹ́sàn-án ló yè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí lórí fóònù pé ó ti rúdi, wọ́n wá bi mí bóyá kí àwọn gé e nísinsìnyí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó tanná ná, Ìyá. Tí ọyẹ́ bá ń lọ, màá wá síbẹ̀, ká jọ gé e."