Ọdẹ Tòlótòló, Gbé Mówà Sílẹ̀ Títí Di Ọ́gọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ọdẹ wa tó nílẹ̀ tàbí tó ń háyà ilẹ̀ ní Georgia ní Amẹ́ríkà, mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yìnbọn, mi ò dẹ̀ ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wa katakata, ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe lẹ́yìn tí ọdẹ bá ti parí ni mo bá wá. Méè 15 ni ìjọba ń ti ọdẹ tòlótòló igbó pa, kò dẹ̀ sí ti ìgbà ìwọ́wé níbí rárá, ó di ìparí Máàṣì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Épírì ọdún tó ń bọ̀. Ìyẹn lé ní oṣù 10 tí ọdẹ fi máa jókòó sílé, ara ẹ̀ á máa yún un, ibẹ̀ dẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nínú Júùnù, ará wa kan wo pápá ẹ̀, ó ní ó ti dìgbẹ́, ló bá so mówà mọ́ katakata, ó gé eékà 6 mọ́lẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ ló rí ìyẹ́ abo tòlótòló pẹ̀lú ẹyin 11, ẹyin 9 ti fọ́ yángá. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń jí láago mẹ́rin ìdájí jálẹ̀ Épírì torí akọ 2 péré tí òfin gbà fún un. Òun nìkan kọ́ o, ọdọọdún la máa ń gbọ́ irú ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìṣirò ẹ̀. Abo á yé ẹyin 10 sí 12 sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú koríko, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹyọ kan lójúmọ́, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ 2. Á wá sàba fún ọjọ́ 28. Tí ẹyin bá ti pa, tí ọmọ jáde, àwọn ọmọ ò lè fò tó bí ọ̀sẹ̀ 2, abẹ́ ìyá wọn nílẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Tí rakúùnù (ẹranko igbó kékeré kan tó ń jí ẹyin jẹ) bá wá jẹ ẹyin àkọ́kọ́, abo á tún lọ yé òmíì, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè bá ìtẹ́ pàdé títí wọnú Júláì. Torí ẹ, láti Épírì 1 títí di Ọ́gọ́ọ̀sì 15, mówà ò gbọdọ̀ wọ pápá. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ máa rọra wa á, ẹ máa rí i tó bá fò. Kò ní fò. Bó ṣe ń gbọ́ ariwo katakata ló ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ẹyin ẹ̀.

Mo mọ̀ pé nílé wa, ẹni tí oko ẹ̀ bá dìgbẹ́, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Ibí kọ́ jàre. Inú koríko tó ń bí yín nínú yẹn ni kòkòrò tí ọmọ tòlótòló ń jẹ wà, ọmọ tí ò bá rí kòkòrò jẹ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ò lè dàgbà. Ẹ gé ọ̀nà tẹ́ ẹ ń gbà kọjá àti iwájú ilé, ó tó.

Àgbàdo ńkọ́? Ẹ má dà á sílẹ̀. Èyí tó bá ti bu máa ń ní májèlé tó ń pa ọmọ ẹyẹ, rakúùnù náà á bá yín jẹ níbẹ̀, ọdẹ tòlótòló nídìí oúnjẹ dẹ̀ lòdì sófin. Ìgbẹ́ adìẹ tútù náà, ẹ má fọ́n ọn sí pápá, àrùn ẹ̀dọ̀ máa ń ti ara adìẹ ran tòlótòló.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fún wọn lóúnjẹ lóòótọ́, ẹ gbin òfìo. Bẹ́ẹ̀ ni, òfìo yìí náà tí Haúsá ń pè ní aya, tá a máa ń rún lẹ́nu nílé, chufa lorúkọ ẹ̀ níbí, àwọn ọdẹ ti ń gbìn ín fún tòlótòló ọjọ́ ti pẹ́. Eékà 1 ti tó yín bẹ̀rẹ̀, àpò oní-50 pound kan, ìyẹn bíi kílò 23, ló máa gbà tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn. Ẹ bò ó ní ínṣì 1 sí 2, nínú Méè tàbí Júùnù, ilẹ̀ yanrìn ló fẹ́. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ ti kọ látinú Máàṣì tó ṣì mọ́ gedegbe ni kẹ́ ẹ lò o, ẹ má tún lọ ya koríko tuntun nínú Méè kẹ́ ẹ wá ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ gbìn. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 3 sí 4 ó ti ta. Nínú Nòfẹ́ńbà ẹ wa hárò (irin tí katakata ń fà láti fi tú ilẹ̀) gba ojú ìlà kan kọjá kí èso ẹ̀ lè yọjú, tí ẹyẹ bá ti mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tàn án fúnra wọn. Ẹ má gbìn ín síbì kan náà ju ọdún 2 lọ. Tí ẹlẹ́dẹ̀ igbó bá wà ládùúgbò yín, ẹ má wulẹ̀ náwó, alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n máa tú gbogbo ẹ̀.

Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá ṣì ń yún, kó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ké bí abo láti fi pe akọ. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, nínú mọ́tò (ìyàwó mi ló lé mi débẹ̀), kì í ṣe nínú igbó, torí akọ tẹ́ ẹ bá ń ké sí lásán láti Júùnù á ti mọ ohùn yín kí Épírì tó dé. Fèrè tí wọ́n ń fi sẹ́nu láti ké bí abo, ẹ fomi ṣàn án, ẹ ki igi ìtayín sáàárín rọ́bà ẹ̀ kó má lẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, itan àti ẹsẹ̀ tòlótòló tó wà ní fírísà yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù pé ó yi. Ẹ sè é pẹ̀lú àlùbọ́sà, táìmù àti ata fún wákàtí 3 lórí iná kékeré, ẹ ṣọ́ ọta ìbọn nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bu fọ́mọdé. Ọmọ kankan ò dẹ̀ gbọdọ̀ jẹ òfìo inú àpò irúgbìn, wọ́n lè ti fi oògùn pa á, ẹ tì í mọ́ ṣẹ́ẹ̀dì.