Bí A Ṣe Ń Po Ìyẹ̀fun Páì Nínú Ooru Ilé-Ifẹ̀

Ọwọ́ tí ó ti ń gún iyán, tí ó sì ti ń ro àmàlà láti kékeré ní ohun kan tí ó gbọ́dọ̀ gbàgbé kí ó tó lè po ìyẹ̀fun páì. Bí a bá ṣe gún iyán tó ni yóò ṣe fi ara mọ́ra tó, bí a bá sì ṣe gún ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó ni yóò ṣe lè wú tó. Ní ti páì, ohun tí a ń wá ni pé kí èèpo rẹ̀ rún wẹ́wẹ́ lẹ́nu, kí ó sì máa ṣí ní ìpele-ìpele, a kò sì lè rí èyí àfi bí a bá fi ọwọ́ fúyẹ́ mú un, tí a sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ooru láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìgbà tí yóò wọ inú ààrò.

Mo mọ èyí nítorí pé mo ti ṣe é ní òdìkejì rí. Ìkómọjáde ọmọ àbúrò mi ni, ní oṣù kejì ọdún, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀sán gangan. Bọ́tà ti di òróró nínú àwo kí n tó dà á pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun. Nígbà tí mo sì rí i pé ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo tún bu ìyẹ̀fun sí i, mo gún un bí ìgbà tí ènìyàn ń gún ìyẹ̀fun búrẹ́dì, títí ó fi ń fà bí rọ́bà. Àwọn àgbààgbà tí mo gbé e fún jẹ ẹran inú rẹ̀, wọ́n sì fi èèpo sílẹ̀ sínú àwo. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé owó kékeré kọ́ ni mo fi ra èèlò rẹ̀.

Ohun tí ó fa á nìyí. Èròjà purotéènì méjì wà nínú àlìkámà tí wọ́n máa ń so kọ́ra wọn bí omi bá ti kàn wọ́n. Okùn tí wọ́n ń hun yìí ni àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń pè ní gluten. Òun ni ó ń di afẹ́fẹ́ mú nínú búrẹ́dì, tí búrẹ́dì fi ń wú, bí a bá sì ṣe ń fi ọwọ́ gún un ni ó ń lágbára sí i. Nínú páì, bọ́tà ni a fi ń dí i lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀rá máa ń bo ìyẹ̀fun lára, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè dé ibi tí àwọn èròjà wọ̀nyí wà. Bí bọ́tà náà bá tutù, tí ó sì wà ní ègé-ègé nínú ìyẹ̀fun, ègé kọ̀ọ̀kan yóò yọ́ nígbà tí ó bá dé inú ààrò, omi tí ó wà nínú rẹ̀ yóò di oru, oru náà yóò sì gbé ìyẹ̀fun tí ó wà lókè rẹ̀ sókè. Àyè tí bọ́tà fi sílẹ̀ ni a ń rí bí ìpele. Bọ́tà tí ó ti yọ́ kí ó tó dé ibẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí mọ́, ìyẹ̀fun ti fà á mu. Bọ́tà tí a fi wàrà màlúù ṣe sì máa ń yọ́ ní nǹkan bíi dígírì 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí ó fi hàn pé àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn nìkan tó láti bà á jẹ́ bí a bá fi í pẹ́ lára rẹ̀.

Fún míìtì-páì bíi 12, ẹ wọn ìyẹ̀fun àlìkámà, èyí tí a ń pè ní fúláwà lọ́jà, gíráàmù 500. Bọ́tà gíráàmù 250. Iyọ̀ ṣíbí tíì kan. Àti omi tútù nini láti mílílítà 120 dé 150. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn òórùn rẹ̀ lè rin nọ́tímẹ́ẹ̀gì díẹ̀ sí i. Ní ọjà Odò-Ogbè àti ti Sábó níhìn-ín ní Ifẹ̀, kóńgò ni wọ́n fi ń wọn fúláwà fún wa, kóńgò ẹnìkan kò sì kún bíi ti ẹlòmíràn, nítorí náà bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n kékeré nílé, òun ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Bí kò bá sí, ẹ wá ife tí ó ń gba mílílítà 250, kí ẹ fi ṣíbí bu fúláwà sínú rẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ife mẹ́rin rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 500. Ìdajì ni ìwọ̀n bọ́tà máa ń jẹ́ sí ìwọ̀n fúláwà, ẹni tí ó bá sì ti mọ èyí lè ṣe páì méjì tàbí igba.

Púpọ̀ nínú fúláwà tí ó wà lọ́jà wa jẹ́ èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, ó sì lágbára ju ohun tí páì ń fẹ́ lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń yọ gíráàmù 50 kúrò nínú 500 yẹn, mo sì ń fi kọ́nfúláwà tàbí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ di kíkan rọ́pò rẹ̀, nítorí pé kò sí gluten nínú ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo rárá. Ẹ má fi láfún ṣe é. Kíkan rẹ̀ yóò hàn nínú páì. Ní ti bọ́tà, gbogbo ohun tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú agolo ni a ń pè ní bọ́tà níhìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí ó rọ̀ tí a fi ń pa búrẹ́dì lára kò dára fún iṣẹ́ yìí, omi inú àwọn kan nínú wọn ti pọ̀ jù. Májárínì líle tí àwọn oníkéèkì ń lò máa ń fara da ooru ju bọ́tà wàrà lọ, bọ́tà wàrà sì dùn jù ú lọ. Mo máa ń pa méjèèjì pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, n kò sì tíì rí ìdí láti yí i padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi páúdà tí ń mú kéèkì wú sí i. Bí bọ́tà bá tutù dáadáa, a kò nílò rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ìtutù yìí ni iṣẹ́ wà jù fún àwa tí a ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀, nítorí pé ìwé tí ó bá ní kí a gbé nǹkan sínú fíríìjì fún wákàtí kan gbà pé iná yóò wà ní wákàtí náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ ra omi inú ọ̀rá tí ó ti dì gbagidi, méjì tàbí mẹ́ta, lọ́wọ́ àwọn tí ń ta omi tútù, kí ẹ kó o sínú kúlà pẹ̀lú bọ́tà, kí ẹ sì dé e pa. Ní àárọ̀, ẹ kó fúláwà àti àwo tí ẹ ó fi pò ó sínú kúlà kan náà bí àyè bá wà. Ẹ fi aṣọ ìnura wé omi dídì kan, kí ẹ gbé e sórí tábìlì tí ẹ ó ti ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì nu ojú tábìlì náà gbẹ. Ẹni tí ó ṣì ní àmù nílé kò ṣe àṣìṣe: omi inú rẹ̀ máa ń tutù nítorí pé ó ń rin díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ pẹ̀lú ooru, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Nígbà òjò, agbára rẹ̀ dínkù, ẹ ó nílò yìnyín.

Ẹ jọ fúláwà àti iyọ̀ sínú àwo fífẹ̀. Ẹ fi ohun tí a fi ń rin ilá rin bọ́tà líle náà sórí rẹ̀, kí ẹ máa fi fúláwà bo èyí tí ẹ bá ti rin kí ó má baà lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orí ìka nìkan, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, máa bù ú sókè, kí ẹ máa fi àtàǹpàkò ra á mọ́ ìka yòókù, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa já bọ́ padà sínú àwo. Bí ẹ bá rí i tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti dà bíi gàrí, tí àwọn ègé kan sì ṣì tó hóró ẹ̀wà, ẹ dúró. Àwọn ègé tó tó hóró ẹ̀wà yẹn ni yóò di ìpele, ìkánjú láti rún gbogbo wọn ni ó sì ń ba páì púpọ̀ jẹ́. Bí ọwọ́ yín bá gbóná, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi yìnyín, kí ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó padà sí i.

Ẹ wọ́n mílílítà 100 nínú omi náà sí i káàkiri lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ọ̀bẹ tàbí fọ́ọ̀kì rò ó, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi ṣíbí kọ̀ọ̀kan kún un. Ojú ọjọ́ ni yóò sọ iye tí yóò gbà, nítorí pé nígbà òjò, fúláwà fúnra rẹ̀ ti fa ọ̀rinrin mu, ó sì lè má gba ju 120 lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú ọyẹ́ ó lè gba 150 tán. Ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ fún un: bí ó bá mọra láì fọ́, tí kò sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ti tó. Yóò ṣì dà bí ohun tí kò tíì parí lójú yín. Ẹ má gún un. Ẹ kàn kó o jọ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra di pẹlẹbẹ méjì, kí ẹ fi nàìlọ́ọ̀nù wé e, kí ẹ dá a padà sí ibi tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ní àkókò yìí, omi yóò tàn káàkiri inú rẹ̀, okùn gluten tí ó ti le yóò sì dẹ̀. Páì tí a kò jẹ́ kí ó sinmi ni ó máa ń sún kì nínú ààrò.

Ìgò gígùn tí a fi omi tútù kún, tí a sì dé lẹ́nu, dára ju igi lọ láti fi tẹ ìyẹ̀fun yìí, nítorí pé ó ń mú un tutù bí ó ti ń yí lórí rẹ̀. Ẹ fọ́n fúláwà díẹ̀ sórí tábìlì, kí ẹ máa yí ìgò láti àárín lọ sí etí, kí ẹ máa gbé ìyẹ̀fun yípo díẹ̀ lẹ́yìn ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi nípọn tó mílímítà 3 sí 4. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tí ó tutù díẹ̀ bo èyí tí ọwọ́ yín kò tíì kàn, kí ojú rẹ̀ má baà gbẹ. Ẹ fi ìdérí tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14 gé e ní róbótó. Ẹ kó èyí tí ó ṣẹ́ kù léra wọn kí ẹ tó tún un tẹ̀, ẹ má ṣe rún un di òkìtì, kí ìpele tí ó ti wà nínú rẹ̀ má baà parun.

Ohun tí a ó fi sínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹran lílọ̀ pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àti ànàmọ́ òyìnbó tàbí ẹja, gbọ́dọ̀ ti tutù pátápátá, kí ó sì ki, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò yọ́ bọ́tà láti inú, ìsàlẹ̀ páì yóò sì rọ̀. Ṣíbí ìjẹun méjì tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi omi pa etí rẹ̀, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ gún ihò méjì sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún oru láti jáde, kí ẹ sì fi ẹyin tí a lù pa ojú rẹ̀. Ààrò gbọ́dọ̀ ti gbóná dé dígírì 190 kí páì tó wọ ibẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 sí 35 ni yóò lò, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n bí oyin.

Ẹni tí kò ní ààrò gáàsì lè da yanrìn gbígbẹ tí ó nípọn tó ìka méjì sínú ìkòkò irin ńlá, kí ó gbé irin tàbí agolo mẹ́ta sórí rẹ̀ láti gbé àwo páì dúró, kí ó dé e, kí ó sì jẹ́ kí ó gbóná fún bí ìdajì wákàtí kí páì tó wọlé. Ẹ kó ẹ̀yinná èédú díẹ̀ sórí ìdérí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò pọ́n.

Ìyẹ̀fun táàtì, ìyẹn páì dídùn tí a kì í bo lójú, fẹ́ dídùn díẹ̀ sí i. Ẹ lo fúláwà gíráàmù 250, bọ́tà 125, ṣúgà tí a lọ̀ kúnná 60, pupa ẹyin kan, àti omi tútù ṣíbí ìjẹun méjì, fún àwo tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 23. Èyí ni kí ẹ rún bọ́tà inú rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dà bíi gàrí, nítorí pé ohun tí a ń fẹ́ lára rẹ̀ ni kí ó rún, kò nílò ìpele. Lẹ́yìn tí ó bá ti sinmi, tí ẹ sì ti tẹ́ ẹ sínú àwo, ẹ fi fọ́ọ̀kì gún ìsàlẹ̀ rẹ̀ káàkiri, kí ẹ tẹ́ bébà tí a fi ń yan kéèkì lé e, kí ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ kún un kí ó má baà wú. Ẹ yan án fún ìṣẹ́jú 15 ní dígírì 190, kí ẹ kó bébà àti ẹ̀wà kúrò, kí ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 8 sí 10 títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ̀wà náà kò ní ṣeé sè jẹ mọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò fún ìgbà mìíràn. Ọ̀pẹ̀-òyìnbó tí a rin, tí a sì sè pẹ̀lú ṣúgà lórí iná jẹ́jẹ́ títí omi rẹ̀ fi gbẹ, ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀.

Ìyẹ̀fun tí a kò tíì tẹ̀ lè wà nínú fíríìjì tí ó tutù dáadáa fún ọjọ́ méjì. Míìtì-páì tí a ti dì tán ṣùgbọ́n tí a kò tíì yan sì lè wà nínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí iná bá dúró. Ẹ má jẹ́ kí ó yọ́ kí ẹ tó yan án, ẹ gbé e bọ́ sínú ààrò gbígbóná bí ó ti dì, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún àkókò rẹ̀.