Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣàkójọ orin tuntun sí Magnificat (orin ìyìn Màríà) ní Látìn fún kúáyà àti ọ̀kẹ́sítírà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣàkójọ orin fún kúáyà l'Abẹ́òkúta, ẹ má jẹ́ kí Látìn dẹ́rù bà yín jàre. Orin Yorùbá gan-an ló le jù, torí ohùn ọ̀rọ̀ ló ń darí orin, tọ́rọ̀ bá lọ sísàlẹ̀ tẹ́ ẹ wá gbé e ròkè, ìtumọ̀ ti dàrú nìyẹn. Látìn ò nírú wàhálà yẹn, ibi tọ́rọ̀ ti wúwo nìkan lẹ máa ṣọ́: ma-GNI-fi-cat A-ni-ma ME-a DO-mi-num. Ẹ kọ́kọ́ kà á sókè bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní St. Peter's, Aké, kẹ́ ẹ máa pàtẹ́wọ́ síbi tó wúwo, ibẹ̀ ni bíìtì kìíní máa bọ́ sí, "ma" á ti wọlé ṣáájú ẹ̀. Tó bá jẹ́ "num" ló bọ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn.

Mo mú Magnificat torí kò gùn, Lúùkù 1:46 sí 55 ni, Gloria Patri (Ògo fún Baba) á tẹ̀ lé e, àwọn kúáyà Anglican wa sì ń kọ ọ́ ní Yorùbá nírọ̀lẹ́, wọ́n mọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ á sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Níbi "deposuit potentes", tó mú àwọn alágbára kúrò lórí ìtẹ́, ẹ jẹ́ kí báàsì já wálẹ̀ látòkè; "exaltavit humiles", tó gbé àwọn onírẹ̀lẹ̀ ga, kí sòpíránò máa gùn ún lọ. Ẹ wo ohun tí Bach, olórin ará Jámánì, ṣe nínú Magnificat tiẹ̀ níbi tí Ọlọ́run ti rán àwọn ọlọ́rọ̀ padà lófo: fèrè méjì tó ti ń fọn bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ò fọn nóòtì ìkẹyìn, ó fibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ọgbọ́n burúkú!

"Sicut erat" (bó ti wà ní àtètèkọ́ṣe) tó parí Gloria Patri dáa fún fúúgù, kóhùn kan bẹ̀rẹ̀ kí òmíì máa lé e. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wa, Ẹ̀gbá ò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba, bẹ́ẹ̀ náà ni fúúgù, tóhùn kẹrin bá ti wọlé kẹ́ ẹ rí i pé ẹnì kan dákẹ́.

Ní ti ọ̀kẹ́sítírà, àwọn tẹ́ ẹ ní nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ fún, kì í ṣe àwọn tẹ́ ẹ rí lórí YouTube. Kí violin àti dùùrù máa gbe ohùn akọrin lẹ́sẹ̀, kí trumpet ní sùúrù di Gloria Patri, torí áótò tó bá ń kọ nísàlẹ̀, trumpet méjì péré á bò ó mọ́lẹ̀. Trumpet B-flat, ẹ kọ tiẹ̀ ní tóònù kan sókè sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ nóòtì, ò gbowó, ẹ tẹ d, r, m sábẹ́ nóòtì kúáyà bí ẹni ń tẹ ọ̀rọ̀ orin, torí sol-fa lọ̀pọ̀ wọn ń kà.