Bí A Ṣe Ń Fi Ọmọ Sẹ́nu Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Àkúrẹ́ Kí Ó Lè Kọ́ṣẹ́ Yanjú

Ẹni tó ń kọ́lé ní Àkúrẹ́ lónìí lè ní owó lọ́wọ́, kí ó sì máa jókòó de oní-táìlì kan ṣoṣo tí gbogbo àdúgbò ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́, ẹni tí yóò sì dé níkẹyìn lè jẹ́ ọmọ Kùtọnu tàbí ọmọ Tógò, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tiwa ń gbé ìwé-ẹ̀rí kiri Ọ̀yẹ́mẹ́kùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ yìí ni wọ́n ti fi sẹ́nu iṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ dójú àmì, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà fi wọ́n síbẹ̀ ló ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òbí àti alágbàtọ́ ni mo kọ ìlànà yìí fún, iṣẹ́ wáyà iná ni n óò sì fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé àṣìṣe níbẹ̀ a máa pa ènìyàn.

Yíyan iṣẹ́ kò le. Ẹ bi ọmọ léèrè ohun tó wù ú nínú àwọn iṣẹ́ tí a ń wá òṣìṣẹ́ sí: wáyà, sólà, táìlì, púlọ́ńbà, àtúnṣe fíríìjì, tàbí mẹkáníìkì tó lè fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ ìgbàlódé wò. Bí Ìṣirò bá ń dà á láàmú, ẹ wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ṣáájú, torí pé ẹni tí kò lè fi fóltì 230 tó ń wọ ilé pín wáàtì 2,300 tí wọ́n kọ sára ohun èlò kan kò ní mọ iye iná tí ohun èlò náà ń fà.

Yíyan ọ̀gá ni ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé òbí a lọ bá ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà, wọn a gbé owó àti páálí ohun mímu kalẹ̀, wọn a gbàdúrà, ọmọ a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwà ọ̀gá nílé ìsìn kò lè sọ fún yín bóyá ó máa ń jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́. Mo mọ ọmọ tó lo ọdún mẹ́ta gbáko lọ́dọ̀ oníná kan, tí ohun tó mọ̀ kò ju kí ó gbẹ́ ògiri fún páìpù, kí ó ra oúnjẹ wá, kí ó sì lọ mú ọmọ ọ̀gá nílé-ìwé. Wọ́n ṣe fíríídọ̀ọ̀mù fún un, wọ́n jẹ, wọ́n mu, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá ẹnu wáyà yàrá kan ṣoṣo so.

Nítorí náà, ẹ lọ síbi tí ọ̀gá náà ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má sì sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹ ń bọ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ni kí ẹ máa wò, kí ẹ lè mọ ẹni tí púláyà wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tó kàn ń gbé àkàbà. Lẹ́yìn náà, ẹ pe èyí tó ti lò ju ọdún kan lọ nínú wọn, kí ẹ bi í ní ìdí tí wọ́n fi ń fa wáyà 2.5 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí wáyà ṣe nípọn tó) lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó sì jẹ́ pé 1.5 ni wọ́n ń fà lọ síbi gílóòbù. Ọmọ tí wọ́n ń kọ́ yóò sọ pé áyọ́ọ̀nù tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ń fa iná ju gílóòbù lọ, àti pé wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù yóò gbóná títí yóò fi jó nínú ògiri. Èyí tí wọn kò kọ́ yóò ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá máa ń ṣe é.

Bí wọ́n bá ti pa iná, ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti parí. Oríṣi wáyà mẹ́ta ló yẹ kí ó so mọ́ ọn, èyí tó ní àwọ̀ ewé nínú wọn sì ni ti ilẹ̀, tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ kí ó má baà gbé ènìyàn. Bí wọ́n bá ti gé ti ilẹ̀ kúrò, tí wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan, ẹ dágbére kí ẹ máa lọ, nítorí pé àṣà tí ọmọ yín yóò máa gbé wọ ilé onílé nìyẹn títí yóò fi darúgbó. Ní ti táìlì, owó ẹyọ ni mo fi ń kan ojú rẹ̀. Bí ó bá dún bí agbè òfìfo, sìmẹ́ǹtì kò kún abẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ lo oṣù kan ìdánwò. Ọ̀gá tó bá kọ èyí kò yẹ ní ọ̀gá.

Àdéhùn ló kàn. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà gbà kí òbí fi ọmọ tó ti kọjá ọdún 12 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 16 kọ́ṣẹ́, bí ọmọ náà bá fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí kò gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ; òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Ẹ má kọ “ọdún mẹ́ta” lásán síbẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ọmọ yóò ti lè dá ṣe nígbà tí ọdún kọ̀ọ̀kan bá parí, kí ẹ kọ ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú bí ó bá fara pa, kí ẹ sì pín owó ìkọ́ṣẹ́ sí mẹ́ta, kí ìdá tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ yín títí iṣẹ́ yóò fi pé.

Ẹ má ra odidi àpótí irinṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Púláyà tòkunbọ̀ tó wúwo, tí rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì sán, dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó kiri Ọjà Ọba lọ. Tẹ́sítà, tí a fi ń mọ̀ bóyá iná wà nínú wáyà, nìkan ni kí ẹ má ṣe ra ní ẹ̀dínwó, nítorí pé èyí tí kò bá tàn lè mú kí ọmọ fọwọ́ kan iná. Fún ìdánrawò nílé, pákó kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì àlòkù méjì àti àjẹkù wáyà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ti tó, láìfi iná sí i.

Kí ọmọ ní ìwé kan tí yóò máa kọ iṣẹ́ òòjọ́ sí, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo alẹ́ Sátidé. Bí ó bá kọ “a gbẹ́ ògiri” fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ léra, ẹ gbé ìwé àdéhùn lọ bá ọ̀gá. Kí ó máa fi fóònù ya àwòrán iṣẹ́ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, nítorí pé bí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tán, kò sẹ́ni tó lè rí ohun tó ṣe mọ́.

Nígbà tí ọdún àdéhùn bá ń parí lọ, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò NABTEB, àjọ ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, tàbí fún ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, níbi tí ìpele kẹta ti jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, tí ìpele kìn-ín-ní sì ga jù. Ẹ má dá ọjọ́ fíríídọ̀ọ̀mù, ẹ má sì rán aṣọ, títí ọmọ yóò fi dá yàrá kan wáyà láti pátákó iná dé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, tí ọ̀gá mìíràn tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tan iná sí i.