Mo dán LRU wò ní ìsọ̀ òwú ní Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta òwú ìránṣọ ní Sábó, Ìkòròdú. Tábìlì iwájú ìsọ̀ wọn kéré, yàrá ẹ̀yìn ni ọjà pọ̀ sí. Bí oníbàárà bá béèrè àwọ̀ tí kò sí níwájú, a ó lọ mú un, a ó sì gbé òmíràn kúrò kí àyè lè wà. Èwo ni ká gbé? Oníbàárà tó ń bọ̀ kò tíì sọ ohun tó fẹ́. Irú ìpinnu yìí ni online algorithm máa ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà.

LRU (least recently used) jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: ó ní kí èyí tó ti pẹ́ jù tí wọ́n béèrè kúrò. Ní 1985, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Sleator àti Tarjan, fi hàn pé bí àyè bá jẹ́ 3, ìrìn LRU, ìyẹn iye ìgbà tó máa lọ mú ọjà wá láti ẹ̀yìn, kì í ju ìlọ́po 3 ti ẹni tó mọ ọ̀la lọ. Ìlọ́po 3 yẹn ló ń kó mi láyà sókè.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fún mi láyè àwọ̀ 3 lórí tábìlì tó ṣófo. Èmi ni mò ń sáré wọlé. Òwúrọ̀ yẹn, wọ́n béèrè báyìí: búlúù, búlúù, funfun, búlúù, pupa, búlúù, dúdú, búlúù, funfun, búlúù, búlúù, pupa. LRU mú mi wọlé ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo ṣírò ti ẹni tó mọ ọ̀la: ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Inú mi dùn gan-an! Aṣọ ẹbí ló ṣe é. Bí ìnáwó kan bá mú búlúù, gbogbo telọ̀ àdúgbò ló ń wá búlúù, kò sì ní kúrò lórí tábìlì.

Lọ́sàn-án, bàbá kan tó ń fi òwú ṣe iṣẹ́ sọ́rùn agbádá wọlé. Agbádá mẹ́ta ni, ọ̀rá mẹ́ta ni wọ́n nà sílẹ̀. Búlúù, pupa, funfun, dúdú wọ inú ọ̀rá àkọ́kọ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti búlúù fún èkejì, àti ẹ̀kẹta. Mo kó ohun tó wà lórí tábìlì kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ látorí òfìfo. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni wọ́n béèrè, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo wọlé. Àwọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò ni wọ́n ń béèrè tẹ̀lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi ní: «Fi mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ jàre. Dúdú nìkan ni kí o máa lọ mú, kí o sì dá a padà.»

Mo ṣírò rẹ̀ lálẹ́: ìrìn 6. Ẹni tó mọ ọ̀la pàápàá, 6 náà ni.