Bí mo ṣe ń sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún ọmọ iléèwé àti fún ẹgbẹ́ àdúgbò

Nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ni iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń yọ̀ǹda fún àlejò tó fẹ́ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ìkíni àti ìjókòó á sì ti jẹ márùn-ún níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí tó kù sọ gbogbo ìgbésí ayé Àjàyí Crowther, láti ìgbà tí wọ́n bí i ní Òṣoògùn ní nǹkan bí 1809 títí tó fi kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá 1891, ọdún lásán ni yóò máa kà sí wọn létí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tèmi: báwo la ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọdékùnrin kan ní 1821? Ohun tí kò bá ti ran ìbéèrè yìí lọ́wọ́, mo yọ ọ́ kúrò. Ìrìn-àjò orí Odò Ọya, ìtumọ̀ Bíbélì, oyè bíṣọ́ọ̀bù: gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti tó. Kì í tẹ́ àwọn olùkọ́ kan lọ́rùn, pàápàá ní iléèwé ìjọ, nítorí oyè gan-an ni wọ́n ń retí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá kò mọ iṣẹ́ tí bíṣọ́ọ̀bù ń ṣe. Ó mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ọ̀gá iléèwé ni mo kọ́kọ́ ń lọ bá, kì í ṣe olùkọ́ kíláàsì, torí olùkọ́ lè gbà kí ọ̀gá sì kọ̀ jálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́tà ojú ewé kan tó: orúkọ mi, ohun tí mo fẹ́ sọ, iye ìṣẹ́jú, kíláàsì tí mo ń fẹ́, àti pé n kò gba owó, n kò sì ta ìwé. Má fo gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Àwọn ọ̀gá iléèwé ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó wọlé bí olùrànlọ́wọ́ tó wá tú ẹrù ọjà sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọ. Kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu, kí wọ́n má sì ju 40 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá kó gbogbo iléèwé jọ sí gbọ̀ngàn, ìwàásù ni yóò dà, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa ta ara wọn ní ìgbọ̀nwọ́. Mo máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí olùkọ́ wọn má jáde. Ààbò àwọn ọmọ ni, òun náà ló sì mọ orúkọ ẹni tó ń pariwo. N kì í ya fọ́tò ọmọ kankan láìgba àṣẹ.

Irinṣẹ́ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni okùn. Mo ń ra mítà 9 okùn tí kì í fà, mo sì ń fi sẹ̀ńtímítà 10 dúró fún ọdún kan. Láti 1809 sí 1891 jẹ́ ọdún 82, ìyẹn mítà 8.2, sẹ̀ńtímítà 40 tó kù ní orí kọ̀ọ̀kan ni ọmọ méjì yóò dì mú. Láti ojú 1809, mo ń so àkísà pupa mọ́ mítà 1.2, ọdún 1821 tí wọ́n kó Òṣoògùn lẹ́rú, mítà 1.3, ọdún 1822 tí wọ́n gbà á sílẹ̀ lórí òkun, mítà 3.4, ọdún 1843 tí wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù; mítà 3.7, ọdún 1846 tó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Àti mítà 5.5, ọdún 1864 tó di bíṣọ́ọ̀bù. Má ta okùn fúnra rẹ̀ ní kókó. Kókó kọ̀ọ̀kan ń jẹ sẹ̀ńtímítà mélòó kan nínú gígùn rẹ̀, nígbà tí o bá fi máa dé 1864 ìwọ̀n náà ti ṣáko. Àkísà ni kí o so. Ọdún 1821 àti 1822 sì sún mọ́ra jù, nítorí náà jẹ́ kí bébà tí a kọ ọdún sí lára ọ̀kan kọjú sókè, kí ti èkejì rọ̀ sísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á bo ara wọn.

Bí kíláàsì kò bá gùn tó, a jáde sí abẹ́ igi, tàbí kí n lo okùn kékeré tí ọdún kan jẹ́ sẹ̀ńtímítà 5, tí gbogbo rẹ̀ kò ju mítà 4.1 lọ láìka ibi ìdìmú. Àkísà nìkan ni mo ń so sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún tó wà lára rẹ̀. Orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ wà lórí páálí pélébé lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n á sì fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há a síbi tí wọ́n rò pé ó yẹ. Wọ́n máa ń ṣì í. Jẹ́ kí wọ́n ṣì í, kí àwọn yòókù tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo ń fi ọmọ kan sí ojú 1821, òmíràn sí ojú 1846, pé kí wọ́n na ọwọ́ sí ara wọn. Mítà méjì ààbọ̀ ló wà láàárín wọn, ọwọ́ kò lè kàn. Ọdún 25 nìyẹn, n kò sì tún ní láti ṣàlàyé rẹ̀.

Ìtàn fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo ya máàpù gàdàgbà sórí páálí, pẹ̀lú Òṣoògùn, Ìséyìn, Ìjàyè, Èkó àti Freetown nìkan. Àárọ̀ ni àwọn akónilẹ́rú dé, tí wọ́n ṣì ń pèsè oúnjẹ òwúrọ̀. Àjàyí kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún 12 lọ. Wọ́n mú un pẹ̀lú ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n pín wọn, wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Pọtogí ní Èkó. Ní Oṣù Kẹrin 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi; kò tó ọjọ́ méjì tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gba ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró (Sierra Leone, níbi tí Freetown wà). Ibi tí àwọn ọmọ kì í gbàgbé ni ìgbà tí wọ́n dé inú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́, wọ́n rò pé ẹran ara ẹnìkejì wọn ni, wọ́n rí ọta ìbọn ńlá, wọ́n rò pé orí èèyàn ni. Rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kí o wá bi wọ́n pé kí ló lè mú ọmọdé ro irú èrò bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ni mo ń ṣọ́ra fún níbẹ̀. Ìkíní, Àjàyí kọ ọ́ pé òun gbìyànjú láti pa ara òun lálẹ́ nígbà tí ìbẹ̀rù àwọn Pọtogí mú òun. N kì í sọ ìyẹn fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rárá. Fún àgbàlagbà, gbólóhùn kan. Èkejì ni ẹni tó kó wọn lẹ́rú. Bí o bá ní “àwọn Fúlàní” kí o sì dákẹ́, o ti da ìjà sáàárín ọmọ tó jókòó sórí àga kan náà, o sì ti purọ́. Ohun tí Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ni pé Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú àwọn Fúlàní, àti ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn. Sọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kí o máa lọ.

Lẹ́tà tó kọ ní 1837 ló gbé ọ̀rọ̀ náà ró. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, nítorí náà mo ti yí ìpínrọ̀ kan sí Yorùbá tó rọrùn, kò ju ìlà mẹ́jọ lọ, lẹ́tà títóbi, ewé kan fún ọmọ mẹ́rin. Fún ọmọ 40 mo ń ṣe ẹ̀dà 12, torí méjì á ya dandan. Mo tún ń mú pẹ́ńsùlù pupa àti búlúù dání, kí n má baà fi ìṣẹ́jú márùn-ún wá a. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ọdún mélòó ló wà láàárín 1821 àti ìgbà tó kọ̀wé? Wọ́n á ṣírò rẹ̀ kí ó tó di 16. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi búlúù fa ìlà sábẹ́ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, kí wọ́n fi pupa fa ìlà sábẹ́ ohun tó ṣeé ṣe kó gbọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjiyàn sílẹ̀ jù ni pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ogun dé. Ta ló ní aago ní Òṣoògùn? Ọmọ kan á ní irọ́ ni, òmíràn á ní oòrùn ló wò. Bí wọ́n bá fúnra wọn dé ibi pé ó ti mọ aago kí ó tó jókòó kọ̀wé, pé ó fi ìmọ̀ ìgbẹ̀yìn fojú bu àkókò ìgbà èwe, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí. Má sọ ọ́ fún wọn. Olùkọ́ ló máa ń kánjú sọ ọ́. Mo ti máa ń kìlọ̀ fún un ṣáájú.

Nínú ìbéèrè wọn, èyí tó le jù ni: “Ta ló tà á?” Àwọn èèyàn tiwa ló kó o, àwọn èèyàn tiwa ló tà á, Pọtogí ló rà á. Bí wọ́n bá ní kí ló dé tí òyìnbó kan ń rà tí òyìnbó kan ń dá sílẹ̀, mo ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì náà ti kó ẹrú púpọ̀púpọ̀ kí òfin wọn tó ka òwò náà léèwọ̀ ní 1807. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé Crowther ni bíṣọ́ọ̀bù ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́, kó fi “nínú ìjọ Áńgílíkà” kún un. Augustine ti jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Àríwá Áfíríkà ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú.

Ti ẹgbẹ́ àdúgbò yàtọ̀. Ìṣẹ́jú 20 ni mo ń sọ, mo sì ń fi ọgbọ̀n sílẹ̀ fún wọn, torí àgbà kì í wá gbọ́ nìkan, ó wá sọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni yóò béèrè Ogun Kírìjì, èyí tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, dípò Crowther. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọn ará ẹgbẹ́ ti wá: ìtàn tó tẹ́ ọmọ Ìbàdàn lọ́rùn lè bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì nínú. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òpin, láti àdéhùn 1886 àti ìtúká àwọn ọmọ ogun ní 1893, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá ẹnìkejì jà lé lórí, kí n tó padà sí 1877 tí ogun náà bẹ̀rẹ̀. Mo tún ń bá alága sọ ọ́ ṣáájú pé a kò ní dá ẹjọ́ oyè tàbí ti ààlà ilẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbé e dìde, alága ni kó pa á tì, kì í ṣe èmi tí mo jẹ́ àlejò.

Bí bàbá tàbí ìyá kan bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí tèmi, n kì í jà. Mo ń bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló sọ ọ́ fún yín, níbo lẹ sì wà nígbà náà?” Ìbéèrè tí àwọn ọmọ bi lẹ́tà Crowther náà ni. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, mo ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí n kọ orúkọ, ìlú, ọjọ́, àti ẹni tó pìtàn náà fún wọn. Ẹ̀dà kan jẹ́ ti ìdílé wọn. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ kí ohùn òun dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ń kọ ìyẹn mọ́ orúkọ fáìlì gan-an, kí ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ mìíràn lè rí i kó tó ṣí i.