Bí A Ṣe Lè Tọpa Orúkọ Ìdílé Chen Láti Àjàṣẹ́ Dé Orísun Rẹ̀

Bí ọmọ kan bá wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kétu, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ará Ṣáínà tí ń jẹ́ Chen, àwọn àgbà ilé ìyá rẹ̀ yóò máa kì í ní oríkì orílẹ̀ tiwọn láti kékeré, ṣùgbọ́n orúkọ tí a kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀ yóò wà bẹ́ẹ̀ láìní ìtàn lẹ́yìn, àfi bí ẹnìkan bá fara balẹ̀ wá ìtàn náà. Mo kọ ìtọ́nà yìí fún irú òbí bẹ́ẹ̀, fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà, àti fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ èdè Ṣáínà ní Ilé Ẹ̀kọ́ Confucius ti Yunifásítì Abomey-Calavi. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí dì mú ṣinṣin: orúkọ tí a fi lẹ́tà tiwa kọ kò tó láti fi mọ ìran ẹnikẹ́ni. Àmì tí àwọn ará Ṣáínà fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ abúlé tí ìdílé náà ti ṣí wá, ni ẹ̀rí tí a lè gbára lé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara àmì ìkọ̀wé

Kí ẹ tó béèrè ohunkóhun mìíràn lọ́wọ́ bàbá ọmọ tàbí lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ ìdílé náà ní àmì ìkọ̀wé Ṣáínà. Àwa tí a ń gbé ní Benin mọ ìdí rẹ̀ dáadáa: ẹni tí ń jẹ́ Òjó ní Kétu, Odjo ni ìwé ìjọba ń kọ fún un, nígbà tí ọmọ bàbá rẹ̀ tí ń gbé ní Ìmẹ̀kọ, ní òdì kejì ààlà, ń kọ Ojo, orúkọ kan náà sì ni. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà Látìn gbà pín orúkọ Chen sí púpọ̀. Àmì rẹ̀ ni 陳, èyí tí wọ́n ṣì ń kọ ní Táíwàn àti ní Hong Kong. Ní ilẹ̀ Ṣáínà fúnra rẹ̀, ìjọba ti dín ìlà rẹ̀ kù nínú àtúnṣe ìkọ̀wé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956, ó sì di 陈. Bí ó bá jẹ́ pé orí fóònù ni ẹ ti ń sọ̀rọ̀, ẹ bi ẹni náà bóyá “er dong Chen” ni, nítorí pé bí àwọn tí ń sọ èdè Mandarin ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ara wọn nìyẹn: apá òsì àmì náà ni wọ́n ń pè ní etí, apá ọ̀tún sì ni àmì ìlà-oòrùn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bí ó bá ní rárá, ó lè jẹ́ 谌, tí àwọn kan ń pè ní Chen pẹ̀lú. Bí lẹ́tà g bá sì wà ní ìparí rẹ̀, Cheng ni, ìdílé mìíràn pátápátá.

Ibi tí àṣìṣe ti rọrùn jù ni Tan. Ní Singapore àti Malaysia, àti láàárín àwọn ọmọ Ṣáínà tó wà ní Philippines, Tan ni 陳 lẹ́nu àwọn tí baba ńlá wọn ti gúúsù Fujian tàbí agbègbè Chaozhou wá, òun náà sì ni orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọ Ṣáínà ní Singapore. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé ìrìnnà tí ìjọba Beijing fún ni ni a ti rí Tan, 谭 ni ó sábà máa ń jẹ́, ìyẹn kò sì ní ohun kan ṣe pẹ̀lú Chen. Àwọn ará Guangdong àti Hong Kong tí ń sọ Cantonese ń pè é ní Chan. Ọ̀pọ̀ àwọn Hakka, ẹ̀yà Ṣáínà kan, ń kọ Chin. Ní Korea ó di Jin, ní Vietnam ó di Trần. Ní Thailand, ẹ ó rí Sae Tang. Ní Indonesia ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù, nítorí pé láti ọdún 1966 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń rọ àwọn ọmọ Ṣáínà láti gba orúkọ ilẹ̀ náà, tí ọ̀pọ̀ Tan fi di Tanoto, Sutanto àti irú wọn. Orúkọ àtijọ́ náà ṣì fara hàn nínú tuntun, fún ẹni tó bá mọ ohun tí òun ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Trần, nítorí pé ó lè kan ilé kan nílùú wa. Àwọn ọmọ Dahomey wà lára ọmọ ogun tí Faransé kó lọ sí Indochine kí ogun ibẹ̀ tó parí ní ọdún 1954. Bí ìyá ńlá kan láti Vietnam bá wà nínú ìtàn ilé yín, tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ Tran, àmì 陳 kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ sọ pé ará Ṣáínà ni. Ìdílé ọba Trần, tí àwọn baba ńlá wọn ti Fujian wá, ló jọba ní Vietnam láti 1225 sí 1400, àwọn ló sì lé ogun Mongol padà. Orúkọ náà ti di ti Vietnam láti ìgbà pípẹ́, òun ló sì wọ́pọ̀ ṣìkejì níbẹ̀ lẹ́yìn Nguyễn.

Ẹ tún kíyè sí ètò orúkọ. Ará Ṣáínà ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń yí i padà nígbà tí wọ́n bá ń kọ fọ́ọ̀mù àwọn òyìnbó, kí Chen Wei lè di Wei Chen. Wei náà sì lè jẹ́ orúkọ ìdílé. Inú ìwé ìrìnnà ni kí ẹ ti wò ó, ẹ má ṣe lo káàdì tí wọ́n fi ń polówó ọjà.

Ìtàn tó wà lẹ́yìn àmì náà

Orísun tó lókìkí jù fún Chen jẹ́ ilẹ̀ kan, ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ju ọ̀pọ̀ orúkọ mìíràn lọ. Nígbà tí Ọba Wu ti ìdílé Zhou ṣẹ́gun ìdílé Shang, ní nǹkan bí ọdún 1046 ṣáájú ìbí Jésù, ó wá ọmọ ìran Shun, ọba àtijọ́ tí àwọn ará Ṣáínà ń bọlá fún, ó sì fi ilẹ̀ kan jíǹkí rẹ̀ kí ó lè máa bá ìbọ Shun lọ. Gui Man ni ẹni náà ń jẹ́. Hu Gong ni oyè tí a fi ń rántí rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ilẹ̀ náà ni Chen, olú ìlú rẹ̀ sì wà ní agbègbè tí a ń pè ní Huaiyang lónìí, ní ìpínlẹ̀ Henan. Nígbà tí ìjọba Chu pa á run pátápátá, ní nǹkan bí ọdún 478 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ọmọ ọba tí wọ́n túká fi orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n pàdánù ṣe orúkọ ìdílé.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọmọ ọba kan tí ń jẹ́ Chen Wan ti sá kúrò nílé ní ọdún 672 ṣáájú ìbí Jésù nígbà tí wọ́n pa àrẹ̀mọ, ó sì fi ìjọba Qi ṣe ibi ìsádi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni a wá mọ̀ sí Tian níbẹ̀, agbára wọn sì pọ̀ títí tí wọ́n fi gba oyè Qi gan-an ní ọdún 386 ṣáájú ìbí Jésù. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá sọ fún yín pé Chen, Tian àti Hu jẹ́ ẹbí, tí ó sì fi kún un pé wọ́n kì í fẹ́ ara wọn ní àwọn ibì kan, ẹ gbà á sílẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ Shun sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ìdílé gbà gbọ́, kí ẹ sì kọ ìjọba Chen gẹ́gẹ́ bí ohun tí àkọsílẹ̀ jẹ́rìí sí. Méjèèjì ló níyì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹ̀rí irú kan náà, ọmọ tí yóò ka ìwé yín lọ́la sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìyàtọ̀ wọn.

Láti Henan, orúkọ náà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù. Ẹ ó bá Yingchuan pàdé lára òkúta ibojì àti lókè ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ilé Chen; agbègbè kan ní Henan ni, ibẹ̀ ni Chen Shi, òṣìṣẹ́ ọba nígbà ìjọba Han tí ó wà láyé láti 104 sí 187, ti wá, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Chen ló sì ń ka ara wọn sí ọmọ rẹ̀. Chen Baxian fi orúkọ náà dá ìdílé ọba sílẹ̀, èyí tó jọba láti 557 sí 589 ní ibi tí Nanjing wà lónìí. Ní ọdún 669, nígbà ìjọba Tang, Chen Zheng kó ogun wọ gúúsù Fujian. Ọmọ rẹ̀, Chen Yuanguang, ló dá Zhangzhou sílẹ̀ ní ọdún 686, títí dòní ni wọ́n sì ń bọ ọ́ ní Fujian, ní Táíwàn àti ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó la ilẹ̀ Zhangzhou. Ẹ̀ka mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ti De'an ní Jiangxi, agbo ilé ńlá kan tí wọ́n ti jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń jẹun fún ìran púpọ̀ kí ọba ìdílé Song tó pàṣẹ pé kí wọ́n pín ní ọdún 1062. Wọ́n túká lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú, ìdí nìyẹn tí àwọn Chen láti ìpínlẹ̀ tó jìnnà síra fi ń dárúkọ De'an gẹ́gẹ́ bí orírun.

Lónìí, orúkọ náà ni ó wọ́pọ̀ ṣìkarùn-ún ní Ṣáínà, lẹ́yìn Wang, Li, Zhang àti Liu. Àwọn tó ń jẹ́ ẹ ju mílíọ̀nù 50 lọ. Ṣùgbọ́n ní Táíwàn òun ló ṣáájú gbogbo wọn, ó kó nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn tí àdéhùn Nanjing ṣí èbúté Xiamen àti Fuzhou sílẹ̀ ní ọdún 1842, òṣì àti ogun lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkè òkun. Tan Kah Kee, tí a bí nítòsí Xiamen ní 1874, di olówó ńlá ní Singapore, ó sì padà wá dá Yunifásítì Xiamen sílẹ̀ ní 1921.

Bí a ṣe ń dé abúlé

Nígbà tí àmì bá ti dájú, ẹ béèrè orúkọ abúlé, ti agbègbè ìjọba kékeré tó ni ín, àti ti ìpínlẹ̀, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ ní àmì ìkọ̀wé. Ìlú tí bàbá ti ń ṣiṣẹ́ kí ó tó wá sí Kútọnu kọ́ là ń wá; ibi tí ibojì bàbá bàbá rẹ̀ wà ni. Ìgbà tó dára jù láti béèrè ni àsìkò Qingming, ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún oṣù kẹrin, nígbà tí ẹbí máa ń péjọ láti tún ibojì ṣe. Ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán òkúta ibojì náà ránṣẹ́, nítorí pé orúkọ ìlú, orúkọ àwọn ọmọ àti ọdún sábà máa ń wà lára rẹ̀.

Ohun kejì ni ewì ìran. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ewì kúkúrú kan, tí àmì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìran kan. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá a máa pín àmì kan náà nínú orúkọ wọn. Bí ẹ bá rí ewì náà gbà, ẹ ó mọ ipò ọmọ yín nínú ìran rẹ̀, ẹ sì lè fi àmì tirẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ bí ẹ bá fẹ́. Bí Chen méjì bá pàdé, tí ewì wọn bára mu, tí abúlé wọn sì jẹ́ ọ̀kan, ẹbí ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́, ẹ má tíì pè wọ́n ní ẹbí.

Ohun kẹta ni ìwé ìran, tí wọ́n ń pè ní jiapu tàbí zupu. Púpọ̀ nínú wọn jóná láàárín 1966 sí 1976, nígbà Ìyípadà Àṣà (Cultural Revolution) ní Ṣáínà, ìbànújẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n àwọn kan fi tiwọn pamọ́, ẹ̀dà mìíràn sì ti wà lókè òkun tẹ́lẹ̀. Ilé Ìkàwé Shanghai ní àkójọ ńlá, FamilySearch, ìkànnì tí a ti ń wá ìtàn ìdílé, sì ti gbé ọ̀pọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Àmì orúkọ abúlé ni kí ẹ fi wá a, nítorí pé ẹni tó bá tẹ 陳 nìkan yóò rì sínú àbájáde.

Nígbà tí ìwé bá dé ọwọ́ yín, ẹ kà á láti ọ̀dọ̀ àwọn alààyè lọ sí ẹ̀yìn. Ìran tó sún mọ́ni ni a sábà máa ń kọ pẹ̀lú ìtọ́jú. Bí ó bá ti ń kọjá ìgbà Song lọ sókè, ìdílé púpọ̀ ń so ara wọn mọ́ ẹni ńlá. Ẹ tún mọ̀ pé orúkọ inú ìwé kì í fìgbà gbogbo jẹ́ orúkọ ìran. Nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1882 dí ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Ṣáínà, tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná San Francisco sì jó àkọsílẹ̀ ìbí ní 1906, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ra ìwé ọmọ ọlọ́mọ láti wọlé, ẹlòmíràn sì di Chan tàbí Chin títí ayé. Ẹ béèrè èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má ṣe fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Ní ti àwọn obìnrin, ìwé àtijọ́ kò ṣe wọ́n dáadáa. Obìnrin Ṣáínà kì í gba orúkọ ọkọ rẹ̀, síbẹ̀ “Chen shi” (ìyẹn, ọmọ ilé Chen) nìkan ni ẹ ó rí fún ìyàwó tó wá láti ilé Chen, láìsí orúkọ tirẹ̀. Àwọn ìdílé kan ti ń tún èyí ṣe báyìí. Àṣà wọn ni láti tún ìwé ìran kọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sí ọgbọ̀n ọdún. Nítorí náà, ẹ bi ẹbí bàbá léèrè ìgbà tí àtúnkọ tó ń bọ̀ yóò wáyé àti ẹni tí ń bójú tó o, kí ẹ sì fi orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ ní kíkún, orílẹ̀ ìyá náà àti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìlú rẹ̀, ránṣẹ́ sí wọn ní kíkọ.